Ilé là ń wò ká tó sọ kọ́ọ̀dù lórúkọ: bẹ́ ẹ ṣe lè mọ orúkọ kọ́ọ̀dù jìtá tó bá ṣàjèjì sí yín

Ọ̀kun o, ẹ̀yin tèmi.

Sátidé kan la wà níbi ríhásà ní Kabba, wọ́n ti mú iná lọ, ẹni tó yẹ kó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀ ò tíì dé, la bá jókòó sínú òkùnkùn, kálukú ń fọwọ́ pa nǹkan èlò ẹ̀ lára. Ọmọ kan tó ń kọ́ jìtá lọ́dọ̀ mi ló déédé tẹ kọ́ọ̀dù kan, ìyẹn nóòtì mélòó kan tó dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó tún un tẹ̀, gbogbo ilé dákẹ́. Ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú adùn tó wà nínú C, F, G tá a ti mọ̀ látọjọ́ tó pẹ́, ó ń dún bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ tó sì dúró de ìdáhùn. Ó ní "Bọ̀dá, kí lorúkọ eléyìí?" Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ti ní D ni, D tí wọ́n fi nǹkan há lára, oníbéèsì ní rárá o, A ni, èmi náà ti fẹ́ sọ pé E ló ń dún sí mi létí. Nǹkan kan náà làwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́, orúkọ mẹ́ta la pè é. Nígbà tí mo wá délé tí mo jókòó ti bébà àti bírò, mo rí i pé kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wa.

Ibi tọ́mọ yẹn tẹ̀ rèé: x57600. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì ka irú ẹ̀ rí, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nìyẹn, látorí èyí tó nípọn jù títí dé èyí tó tín-ín-rín jù. x túmọ̀ sí pé okùn yẹn ò gbọdọ̀ dún, 0 ni pé ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣáà jẹ́ kó dún bó ṣe wà, nọ́ńbà yòókù ni fret (àlàfo láàárín àwọn irin tó dábùú ọrùn jìtá) tí ìka yín máa wà. Ẹ gbé jìtá, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, torí òun la máa fi ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn kọ́ọ̀dù kan wà tó jẹ́ pé àmútọ̀runwá lorúkọ wọn, bí Táíwò, bí Ìgè, bí Dàda, tẹ́ ẹ bá ti fojú kàn wọ́n ẹ ti mọ̀ wọ́n: C major, A minor, G7, kò sí ìjà ńbẹ̀. Àwọn míì jẹ́ àbísọ, ohun tó ń lọ nínú ilé lọ́jọ́ tí wọ́n dé ló ń sọ wọ́n lórúkọ, ọmọ kan náà tó máa jẹ́ Babátúndé nílé tí bàbá àgbà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kú máa jẹ́ Abíọ́nà tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i sí. Àwọn díẹ̀ sì ní ìnagijẹ, bí E7#9 tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀dù Hendrix torí pé Jimi Hendrix ló sọ ọ́ di olókìkí láàárín àwọn oníjìtá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí: 07678x. Àwọn àbísọ ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, àwọn náà la fẹ́ bá wí lónìí.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sọ ẹnikẹ́ni lórúkọ, ẹ túùnù jìtá yín ná. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Lásìkò ọyẹ́ níbi tá a wà yìí, jìtá tẹ́ ẹ túùnù láàárọ̀ ti kúrò níbẹ̀ kó tó di ọ̀sán, igi ń gbẹ, okùn ń sún. Mo mọ ẹnì kan tó fi odidi ìrọ̀lẹ́ wá orúkọ kọ́ọ̀dù aládùn kan tó sọ pé òun ṣàwárí, àṣé okùn B ẹ̀ ló ti wálẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n fret kan, C major tó ń tẹ̀ látọjọ́ yìí ló ń tẹ̀, Cmaj7 ló ń gbọ́. Tuner orí fóònù tó, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n fi A sí 440, kẹ́ ẹ sì rí i pé E A D G B E lẹ gbọ́ látorí okùn tó nípọn dé èyí tó tín-ín-rín.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kẹ́ ẹ mọ orúkọ nóòtì tí ìka yín wà lórí ẹ̀, ibí làwọn oníjìtá ti máa ń sá, oníkíbọ́ọ̀dù ń rí tiẹ̀ lójú, àwa ń ka àpẹẹrẹ ìka bí ẹni ń ka ilà kẹ́kẹ́ lójú èèyàn. Kò le tó yẹn. Fret kan sí ìkejì jẹ́ ìdajì ìgbésẹ̀ kan, orúkọ wọn ń lọ báyìí: A, A#, B, C, C#, D, D#, E, F, F#, G, G#, ó sì padà sí A ní fret kejìlá. Ẹ kíyè sí i pé kò sí nǹkan kan láàárín B àti C, kò sí láàárín E àti F, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe kà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọ̀nà àbùjá, fret 5 lórí okùn kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ orúkọ okùn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, àfi okùn G nìkan tó jẹ́ fret 4. Ẹ ka ìyókù láti ibẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kà á. Okùn A, fret 5, D nìyẹn. Okùn D, fret 5 ẹ̀ ni G, 6 ni G#, 7 ni A. Okùn G, fret 4 ẹ̀ ni B, 5 ni C, 6 ni C#. Okùn B àti E tó gbẹ̀yìn ò ní ìka lórí, B àti E ni wọ́n. Nóòtì wa: D, A, C#, B, E. Tí orúkọ kan bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa kọ ọ́, torí G tí gbogbo wa ń tẹ̀, 320003, okùn mẹ́fà ló ń dún níbẹ̀ ṣùgbọ́n G, B, D nìkan ló wà nínú ẹ̀. Ẹ tún fàmì sí èyí tí ohùn ẹ̀ wà nísàlẹ̀ jù, tiwa níbí ni D, torí a máa padà wá bá a.

Àwa tá a dàgbà sínú kúáyà, láti Ẹgbẹ dé Ìsánlú dé Mopa títí wọ Kabba, sol-fa (d, r, m, f, s, l, t) la fi kọ́ orin. Àwọn míṣọ́nnárì ló gbé e wá, Tommy Titcombe tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn dé Ẹgbẹ ní 1908, ìwé orin àti sol-fa ò sì jìnnà síra wọn ní àwọn ìjọ ilẹ̀ Yagba títí dòní. Torí náà mi ò ní fi èdè ilé ẹ̀kọ́ orin dà yín láàmú, ẹ mú nóòtì kan, ẹ pè é ní d, kẹ́ ẹ wá ka iye fret tó wà láàárín ẹ̀ sí àwọn yòókù. Tẹ́ ẹ bá kà á, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye fret, èyí tó kẹ́yìn lorúkọ tí wọ́n ń kọ sínú kọ́ọ̀dù (b ni pé ó wálẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀, # ni pé ó gòkè ní ìdajì ìgbésẹ̀):

0 ni d, òun ni root, ẹni tó ni orúkọ
1 ni b9
2 ni r, wọ́n ń pè é ní 9, tàbí 2
3 ni ìkẹta ti minor
4 ni m, ìkẹta ti major
5 ni f, 4 tàbí 11
6 ni fe, b5 tàbí #11
7 ni s, 5
8 ni #5 tàbí b13
9 ni l, 6 tàbí 13
10 ni ta, 7 lásán
11 ni t, maj7

Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Tí àyè kíkà bá ju 11 lọ, ẹ yọ 12 kúrò kẹ́ ẹ tún un kà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìyẹn ṣe pàtàkì. Ìkẹta lẹ máa kọ́kọ́ wá, 3 àbí 4, torí òun ló ń sọ bóyá inú kọ́ọ̀dù yẹn dùn àbí ó ń ro àròjinlẹ̀. Tẹ́ ò bá rí ìkẹta ṣùgbọ́n ẹ rí f (fret 5) tàbí r (fret 2) dípò ẹ̀, sus nìyẹn, sus4 tàbí sus2, ìkẹta ti rìnrìn àjò, ẹlòmíì jókòó sórí àga ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wá s tó jẹ́ 7, tó bá wà kò sí ìròyìn, tí ò bá sì sí náà kò bà jẹ́, àwọn oníjìtá máa ń fò ó bí ẹni fo omi òjò. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ wá ta (10) tàbí t (11). Ohun tó bá ṣẹ́kù jẹ́ ẹran tí wọ́n fi sórí iyán, 9, 11, 13 àti àwọn ẹbí wọn. Èèyàn Okun ni wá, a mọ̀ pé iyán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà ká tó máa jà lórí ẹran.

Ẹ jẹ́ ká fi nóòtì márùn-ún wa sí i, kí olúkúlùkù gbìyànjú àga oyè.

Tá a bá ní D ni root: A jẹ́ 7, ó dáa, s nìyẹn. C# jẹ́ 11, maj7. B jẹ́ 9, ìyẹn 6 tàbí 13. E jẹ́ 2, ìyẹn 9. Ṣùgbọ́n ìkẹta dà? F# ò sí, F ò sí. D tí ò ní ìkẹta, tó wá ní maj7, 9 àti 13, ẹ máa kọ Dmaj13 kẹ́ ẹ sì fi àlàyé tì í pé kò ní ìkẹta. Ẹ̀gbọ́n oníkíbọ́ọ̀dù ò ṣìṣe o, ó kàn jẹ́ pé orúkọ yẹn fa ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Tá a bá ní A ni: C# jẹ́ 4, ìkẹta major rèé. E jẹ́ 7. B jẹ́ 2, 9 nìyẹn. A major odindi pẹ̀lú 9, ó mọ́ tónítóní, àfi D tó ṣẹ́kù tó sì jẹ́ pé òun ló wà nísàlẹ̀. Irú èyí la ń kọ pẹ̀lú igi ìdágẹrẹ: Aadd9/D, kẹ́ ẹ kà á pé A add9 lórí D.

E ńkọ́, èyí tó ń dún sí èmi létí? B jẹ́ 7, D jẹ́ 10, A jẹ́ 5, C# jẹ́ 9. G# ò sí, A ló jókòó síbẹ̀. E13sus4 nìyẹn. Orúkọ gidi ni, kì í ṣe àsọdùn.

B tẹ́nikẹ́ni ò tiẹ̀ dárúkọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn: D jẹ́ 3, minor, A jẹ́ 10, C# jẹ́ 2, E jẹ́ 5. Bm11 tí ò ní s. Ó dáa gan-an.

C# ló kù, òun ní E ní 3, B ní 10, D ní 1, A ní 8, ìyẹn C#m7 tó ní b9 tó tún ní b13, orúkọ yìí gùn ju ọ̀nà Kabba sí Lọ́kọ́jà lọ, kò sí ẹni tó máa kà á tán kí orin tó kọjá. Ẹ fi sílẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan kan níbí kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú. Nóòtì márùn-ún, orúkọ gidi mẹ́rin. Àwa Yorùbá ló yẹ kó tètè yé jù láyé, torí ẹ kọ igba sílẹ̀ láìfi àmì kankan lé e, kẹ́ ẹ fi han èèyàn mẹ́ta, ọ̀kan á ní igbá, èkejì á ní ìgbà, ẹ̀kẹta á ní igba náírà, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi, ẹ ò tíì fún wọn ní gbólóhùn ni. Gbólóhùn kọ́ọ̀dù ni orin tó wà nínú ẹ̀: kí ni béèsì ń sọ nísàlẹ̀, níbo ni kọ́ọ̀dù yẹn ń lọ.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fi gbogbo ara gbára lé àwọn app tó jẹ́ pé ẹ máa tẹ fret síbẹ̀ kí wọ́n sọ orúkọ fún yín. Wọ́n wúlò, èmi náà ń lò wọ́n tí ojú bá ń kán mi, ṣùgbọ́n wọ́n á to orúkọ mẹ́jọ sílẹ̀ fún yín bí ẹni to tòmátì sórí àtẹ, ọwọ́ yín ló kù kẹ́ ẹ mú. App ò gbọ́ béèsì yín.

Àwọn ìbejì kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa tàn yín. C6 àti Am7, C E G A ni àwọn méjèèjì. Tí béèsì bá wà lórí C tí orin sì ń sinmi síbẹ̀, C6 ni. Tó bá wà lórí A tó sì ń forí lé D, Am7 ni. Bákan náà ni Dm6 àti Bm7b5, D F A B ni wọ́n, èyí tó bá ń lọ sí E7 tàbí E minor, ẹ pè é ní Bm7b5, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ ní x2323x. Dsus2 àti Asus4 náà ìyẹn ni, D E A. Mo ti rí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ méjì ti ń bínú síra wọn lórí èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ jọ̀ọ́.

Dim7, ìyẹn kọ́ọ̀dù tí nóòtì ẹ̀ fi fret mẹ́ta mẹ́ta jìnnà síra, ló burú jù nínú ìbejì, ìbẹ́rin ni. Ẹ tẹ x4535x, C#, G, Bb, E nìyẹn, ẹ gbé e lọ síwájú ní fret mẹ́ta, nóòtì kan náà ló tún jáde, ibi tí kálukú wọn jókòó sí ló yí padà. Gbogbo dim7 tó wà láyé kò ju mẹ́ta lọ, ìyókù jẹ́ orúkọ àdàpè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, passing chord ni wọ́n fi ń ṣe, C kó tó dé Dm7, wọ́n á fi dim7 yìí há a láàárín. Ẹ fi ibi tó ń lọ sọ ọ́ lórúkọ: tó bá ń gùn lọ sí D, C#dim7 ni, torí C# ló ń ti D. Aug (augmented, tó ní #5) náà rí bẹ́ẹ̀, fret mẹ́rin mẹ́rin lòun fi ń padà bọ̀, mẹ́rin péré sì ni gbogbo wọn.

Lórí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Nǹkan kékeré ni ṣùgbọ́n ó ń ba ọjọ́ Sunday jẹ́. C9 àti Cadd9 kì í ṣe ọ̀kan. C9 ní Bb nínú, ìyẹn ta, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ níbi tí orin ti ń sinmi, gbogbo kúáyà á wo ojú yín. Cadd9 ò ní ta, C E G pẹ̀lú D ni, 9 lásán tí wọ́n fi kún un, x32033 ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí. Tẹ́ ẹ bá sì ti rí 7, 9, 11 tàbí 13 lẹ́yìn lẹ́tà láìsí maj, ta wà nínú ẹ̀. Tí maj bá wà, t ni. Àwọn kan nínú gospel máa ń kọ C2, mi ò fẹ́ràn ẹ̀, torí ẹnì kan á kọ ọ́ tó ní ìkẹta nínú, ẹlòmíì á kọ ọ́ tí ìkẹta ò sí, ẹ kọ add9 tàbí sus2 kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà nínú key F, ìyẹn orin tó jẹ́ pé F ni d ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ A#, Bb ni, fret kan náà ni lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹni tó ń kàwé orin á kọsẹ̀.

Tí capo, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn jìtá kí ohùn lè gòkè, bá wà lórí jìtá, tàbí tẹ́ ẹ ti túùnù wálẹ̀ ní ìdajì nítorí ohùn olórin, ẹ sọ ọ́ lórúkọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, kẹ́ ẹ tó wá gbé gbogbo ẹ̀ lọ sókè tàbí wá sísàlẹ̀ ní iye yẹn. Capo fret 2, D tẹ́ ẹ tẹ̀ ń dún bí E. E lẹ máa pè fún oníkíbọ́ọ̀dù, D lẹ máa pè fún oníjìtá tó ní capo bíi tiyín, ẹni tó bá dà á pọ̀ ló ń fa ariwo tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá orin.

Níbo làwọn kọ́ọ̀dù àjèjì yìí ti ń wá ná? Lórí jìtá, okùn tó ń dún láìfọwọ́ kàn ló máa ń bí wọn. Ẹ mú E major, 022100, ẹ fi ìka àkọ́kọ́ sórí okùn E tó nípọn, kẹ́ ẹ gbé gbogbo ẹ̀ lọ síwájú bíi barre (ibi tí ìka kan ti ń tẹ gbogbo okùn), ṣùgbọ́n ẹ má dí okùn B àti E tó tín-ín-rín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dún. 244300 á fún yín ní F#, C#, F#, A#, B, E, ẹ kà á fúnra yín, F#7add11 lẹ máa bá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní F#11, mi ò bá wọn jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 9 ò sí nínú ẹ̀. Ẹ gbé e dé 577600, A, E, A, C#, B, E, Aadd9 nìyẹn. 799800 ni B tó ní E nínú, Badd11. Okùn B àti E tó tín-ín-rín yẹn ń dún lọ bí agogo, àwọn yòókù ń rìn lábẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ nínú orin kan pé ohùn òkè kan ò yí padà bí kọ́ọ̀dù ṣe ń yí, ẹ fura sí B àti E yẹn kẹ́ ẹ tó máa wá nǹkan tó le.

Tó bá sì jẹ́ pé inú rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ ti gbọ́ ọ, tẹ́ ò rí ìka ẹni tó tẹ̀ ẹ́, béèsì lẹ máa kọ́kọ́ wá. Ẹ fi ohùn yín hùn ún títí tó fi máa bá a mu, kẹ́ ẹ wá a lórí okùn E. YouTube lè dẹ eré wálẹ̀ sí 0.5, ohùn ò ní yí padà, ẹ fi íapíìsì sétí, ẹ má lo spíkà fóònù torí kì í gbé béèsì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe C6 ní Am7. Lẹ́yìn béèsì, nóòtì tó ga jù. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ dán ìkẹta méjèèjì wò lórí béèsì yẹn, ọ̀kan á wọlé, èkejì á ta yín létí, tí méjèèjì bá ta yín létí, sus ni. Àárín lẹ máa fi ìka wá. Ohun tí ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, bíi steel guitar tí King Sunny Adé mú wọ jùjú, ẹ má kà á mọ́ kọ́ọ̀dù, ẹ dúró kó balẹ̀ síbì kan kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ wa. Nígbà tí mo bi í pé kí ló ń wá tó fi tẹ nǹkan yẹn, ó ní 577600 tí mo kọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lòun fẹ́ tẹ̀. Nínú òkùnkùn, ìka àkọ́kọ́ ẹ̀ ti bọ́ kúrò lórí okùn E sórí okùn A, ìka tó yẹ kó wà lórí okùn A fúnra ẹ̀ ò sì balẹ̀ rárá. Aadd9 wà lókè bó ṣe wà, ìsàlẹ̀ ló di D. Ìtàn ìbí ẹ̀ gan-an ti sọ orúkọ ẹ̀.

Ìyẹn ò tíì tó o, torí orin la fẹ́ fi kọ. Orin yẹn wà ní key A, ibi tó fẹ́ fi í sí, béèsì wà lórí D, ìyẹn f, ó ń lọ sí s kó tó wálé sí d. Nínú iṣẹ́ tó ń ṣe, ìdílé D ló wà, ẹ̀gbọ́n oníkíbọ́ọ̀dù jàre níbẹ̀. Síbẹ̀ Aadd9/D ni mo kọ sínú ìwé. Ìdí ni pé tí mo bá kọ Dmaj13, oníkíbọ́ọ̀dù á fi F# sí i, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ ọn lára, F# yẹn gan-an ni àìsí ẹ̀ jẹ́ kí kọ́ọ̀dù náà máa dún bí ìbéèrè. Tí mo bá kọ A lórí D, á tẹ A lọ́wọ́ ọ̀tún, D lọ́wọ́ òsì, ó parí. Èmi máa ń yan orúkọ tó máa jẹ́ kí ọwọ́ ẹni tó ń kà á lọ síbi tó yẹ, kódà tí orúkọ míì bá jẹ́ òótọ́ jù ú lọ.

Epo dé, jẹnẹrétọ̀ tàn, oníbéèsì tan áńpù ẹ̀. Mo ní kọ́mọ yẹn tẹ x57600 kó má gbé ìka, kí oníbéèsì lọ sórí B, ó dún bíi Bm11 tó ń sunkún díẹ̀. Kó bọ́ sórí E, ọmọ yẹn ò mira, ó di E13sus4, gbogbo wa ti ń gbọ́ ilé lọ́ọ̀ọ́kán. Kó wá sórí A, ibẹ̀ ló ti kọ́, D tó wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn ń bá C# jà, ó bojú wò mí. Mo ní kó gbé ìka àkọ́kọ́ ẹ̀ padà sórí okùn E, kó fi ìka tó ṣẹ́kù sí fret 7 lórí okùn A. Ó gbé e padà síbi tó ti ṣìnà lọ látìbẹ̀rẹ̀, 577600, ìlù sì wọlé.